Láti Ìwé dé Ibùsùn: Bí Ilé Ìsinmi Àwọn Ọmọ Ogun Ojú Omi Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká gbéra láti ibi tí gbogbo wa mọ̀. Àlejò kan wọ ìlú lálẹ́. Owó ń bẹ lápò rẹ̀, oorun ń kùn ún, ebi ń pa á, kò sì mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Ilẹ̀kùn ta ni yóò kàn? Ibi tí iná bá ti ń tàn tí orin sì ti ń dún ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò gbé e lọ. Bí ó bá ṣe pé ilé ọtí ni, yóò wọ ilé ọtí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oúnjẹ àti ẹní ló ń wá kiri. Ẹ fi àlejò yìí sọ́kàn. Nínú ẹ̀kọ́ tòní, ọmọ ogun ojú omi ni, ìlú tó wọ̀ sì ni Devonport, létí òkun ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn. Ṣé a jọ wà lẹ́nu ọ̀nà náà?

Kí a tó wọlé, ẹ jẹ́ ká ya àwọn ènìyàn inú ìtàn yìí sọ́tọ̀, kí wọ́n má baà dà pọ̀ mọ́ ara wọn lójú yín. Ṣọ́jà ni ẹni tó ń jagun lórí ilẹ̀, inú bárékè ló ń gbé. Ọmọ ogun ojú omi ni ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ogun ìjọba. Nígbà náà, inú ọkọ̀ ló ń sùn, ibẹ̀ ló ń jẹ. Ẹ̀kẹta ni atukọ̀ ọkọ̀ ajé, ẹni tó ń kó ẹrù oníṣòwò. Ẹgbẹ́ tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, a kò ní yà síbẹ̀ lónìí. Àwa Yorùbá mọ ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Àwọn ni wọ́n dá ọkọ̀ ẹrú tó gbé Àjàyí ọmọ Òṣoògùn dúró ní oṣù Kẹrin ọdún 1822, àwọn náà ni wọ́n sì yìnbọn lu Èkó títí ó fi jóná ní oṣù Kejìlá ọdún 1851. Ìtàn ogun wọn kọ́ la ń sọ. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni ẹni tó ń tọ́jú wọn nígbà tí wọ́n bá sọ̀kalẹ̀. Ẹgbẹ́ aláàánú la ó sì máa pe àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: ẹgbẹ́ tí àwọn ènìyàn dá sílẹ̀ láti fi ṣoore, tí ẹnikẹ́ni kì í pín èrè rẹ̀. Bí ó bá ti yé yín bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.

Ìwé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún 1779, George Cussons àti John Davis dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti máa fún àwọn ṣọ́jà àti àwọn ọmọ ogun ojú omi ní Bíbélì. Ẹgbẹ́ Bíbélì lásán ni wọ́n ń pè é, nítorí kò tíì sí òmíràn tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ogun tí ń jẹ́ Royal George wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rí Bíbélì gbà lọ́wọ́ wọn. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ ọdún 1782 ni ọkọ̀ náà rì nítòsí Portsmouth, ó sì gbé ènìyàn tó ju 800 lọ. Ní 1804, ẹgbẹ́ mìíràn tó tóbi ju ti ìṣáájú lọ dìde ní Lọ́ńdọ̀nù kan náà, ìyẹn British and Foreign Bible Society. Ẹgbẹ́ kejì yìí kò ṣàjèjì sí wa rárá: òun ló tẹ odindi Bíbélì èdè Yorùbá tí ó jáde ní 1884. Nígbà tí àbúrò bá ga ju ẹ̀gbọ́n lọ, tí orúkọ wọn sì jọra, ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi kún orúkọ tirẹ̀. Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ wá di Naval and Military Bible Society, Ẹgbẹ́ Bíbélì Àwọn Ọmọ Ogun Ojú Omi àti ti Orí Ilẹ̀. Ẹ rí i pé ẹgbẹ́ méjì ni, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà?

Wàyí o, mo mọ ìbéèrè tó wà lẹ́nu yín. Bí ọwọ́ wọn bá ti tẹ Bíbélì, kí ló tún kù? Ẹ jẹ́ ká bá ẹni tó gba ìwé náà dé inú ọkọ̀. Kò sí yàrá fún un. Aṣọ líle kan tí wọ́n so kọ́ láti òpó dé òpó ni ibùsùn rẹ̀. Láyé àwọn ọkọ̀ onígbòkun, ààyè tí òfin fi sílẹ̀ fún ẹnì kan láti so tirẹ̀ kọ́ kò ju íǹṣì 14 lọ. Ẹ fi rúlà àwọn ọmọ yín wọ̀n ọ́n wò. Àtùpà kò tó, ariwo kò dá, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkùnrin ló wà lábẹ́ àjà kan. Bó bá sọ̀kalẹ̀ sí èbúté ńkọ́? A ti mọ ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ fún un. Ìwé wà lọ́wọ́, kò síbi tí a ó ti jókòó kà á. N kò sọ èyí láti fi bu àwọn Cussons kù. Mò ń sọ ọ́ nítorí pé ó gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní bí ọ̀rúndún kan kí ẹnì kan tó wá àga àti ibùsùn tí yóò bá ìwé náà lọ. Ẹ dì í mú níbẹ̀ yẹn, kí ẹ jẹ́ ká kọjá sí ìgbésẹ̀ kejì.

Lẹ́tà ni ìgbésẹ̀ kejì. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Agnes Weston ló wà nídìí rẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí ní 1840, ìlú Bath ló dàgbà sí, agbẹjọ́rò ni baba rẹ̀. Kò ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ogun rí, kò sì fẹ́ ọmọ ogun kankan. Àwọn ṣọ́jà tó máa ń wá ṣe ìdánrawò ní Bath ló kọ́kọ́ ràn lọ́wọ́, ní 1868. Ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́jà tó mọ̀ wá bọ́ sínú ọkọ̀ Crocodile. Ọkọ̀ yìí gba àlàyé díẹ̀: ọkọ̀ ìjọba tó ń kó ṣọ́jà lọ sí Íńdíà ni, nítorí náà ṣọ́jà wà nínú rẹ̀ bí èrò, àwọn ọmọ ogun ojú omi sì wà níbẹ̀ bí òṣìṣẹ́. Weston kọ lẹ́tà sí ṣọ́jà náà. Ṣọ́jà fi lẹ́tà han ọmọ ọkọ̀ kan. Ọmọ ọkọ̀ ní bóun náà bá lè rí irú ẹ̀ gbà, inú òun yóò dùn. Weston kọ sí i. Ibi tí iṣẹ́ náà ti fò láti ọ̀dọ̀ ṣọ́jà sí ọ̀dọ̀ ọmọ ogun ojú omi nìyẹn. Bí ẹ bá rí ìsokọ́ra náà, a lè tẹ̀ síwájú.

Ẹni tó gba lẹ́tà sọ fún ẹnì kejì, ẹnì kejì sọ fún ẹ̀kẹta, ọkọ̀ sì ń pàdé ọkọ̀ ní èbúté òkèèrè. Kò pẹ́ tí lẹ́tà tí wọ́n ń béèrè fi ju ohun tí ọwọ́ kan lè kọ lọ. Weston wá ń kọ lẹ́tà kan lóṣù, ó ń gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé, wọ́n ń fi èèpo aláwọ̀ búlúù bò ó, wọ́n sì ń pín in kárí ọkọ̀ ogun. Ẹ lè sọ pé lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún kì í ṣe lẹ́tà mọ́, ìwé ìròyìn ni. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ rántí irú ẹni tó ń gbà á: ọ̀pọ̀ nínú wọn wọ iṣẹ́ láti ọmọdé, ọkọ̀ kan sì lè lo ọdún mẹ́ta lókè òkun kó tó padà. Nígbà tí wọ́n bá ń pe orúkọ àwọn tí lẹ́tà dé fún, ẹlòmíràn wà tí orúkọ tirẹ̀ kì í jáde láé. Ẹni tó bá sì fèsì lẹ́tà oníbúlúù yìí, wọn a tún kọ ti ọwọ́ padà sí i. Ṣé ẹ wá rí ohun tó mú kí wọ́n máa retí rẹ̀?

Ibi tí ọ̀ràn ti le díẹ̀ la dé yìí, nítorí náà ẹ jẹ́ ká rọra gbé e. Ní 1873 Weston lọ sí Devonport láti rí àwọn tó ń bá kọ̀wé. Níbẹ̀ ló ti di ọ̀rẹ́ Sophia Wintz, ọmọbìnrin tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Switzerland, tí arákùnrin rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá nínú ọkọ̀ ogun. Àwọn méjèèjì kò yà mọ́ títí ikú fi dé. Lọ́dún kan náà, ẹgbẹ́ tó ń rọ àwọn ènìyàn láti jáwọ́ nínú ọtí ní kí Weston bá wọn mójú tó iṣẹ́ náà láàárín àwọn ọmọ ogun ojú omi. Ìwé ẹ̀jẹ́ ni irinṣẹ́ wọn: ènìyàn yóò fọwọ́ sí i pé òun kò ní fẹnu kan ọtí mọ́. Títí dé ibí, ó rọrùn. Ohun tó mú un le ni pé ìjọba fúnra rẹ̀ ló ń bu ọtí fún wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo sọ ọ́ dáadáa. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń pín rọ́ọ̀mù fún ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀fẹ́. Ìdajì páìǹtì fún ẹnì kan lóòjọ́ ni wọ́n ń pín tẹ́lẹ̀, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìgò bíà kékeré kan, ti ọtí líle. Ní 1740 ni ọ̀gá ogun ojú omi Edward Vernon pàṣẹ pé kí wọ́n máa fi omi là á. Ní 1824 wọ́n gé e sí ìdajì, nígbà tó sì di bí 1850 wọ́n tún gé ìyókù sí ìdajì. Ó wá ku ìdá kan nínú ìdá mẹ́jọ páìǹtì, ṣùgbọ́n wọn kò dá a dúró. Ẹni tí kò bá fẹ́ lè gba owó díẹ̀ dípò rẹ̀. Ẹ wá fi ojú inú wo ipò tí obìnrin yìí wà: ìjọba ń fi ọwọ́ ọ̀tún bu ọtí fún ọmọkùnrin, ó wá ń fi ọwọ́ òsì fún arábìnrin kan ní àyè láti wọ ọkọ̀ kó sì bẹ ọmọkùnrin kan náà pé kó má mu. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fi ìjókòó kan tán ni wọ́n dì fún obìnrin ru. Ó rù ú. Ẹ ṣì ń bá mi bọ̀, àbí?

Àwọn ọmọ ogun fúnra wọn ló wá sọ ohun tó kù. Àwọn kan láti inú ọkọ̀ Dryad tọ Weston wá pé ẹ̀jẹ́ dára, lẹ́tà dára, ṣùgbọ́n kí ó bá àwọn ṣí ilé kan sítòsí ẹnu ọ̀nà ọgbà ọkọ̀. Ọgbà ọkọ̀ tí wọ́n ń wí ni ọgbà ìjọba níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ogun tí wọ́n sì ti ń tún un ṣe; ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni gbogbo ọmọ ogun ń gbà bọ́ sí ìgboro. Òpópónà tó kọjú sí i, Fore Street, kún fún ilé ọtí. Àwọn ọkùnrin yìí kò ní kí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì fún àwọn. Ilé tó dà bí ilé ọtí ní gbogbo ọ̀nà, àfi ọtí, ni wọ́n fẹ́: iná, oúnjẹ gbígbóná, ìjókòó, ẹ̀rín. Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ níbí, nítorí òun ni gbogbo ìtàn yìí rọ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ aláàánú ìgbà náà ló jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n sì pinnu ohun tí tálákà nílò. Èyí gbọ́ ọ láti ẹnu ẹni tó nílò rẹ̀. Ṣé ìyàtọ̀ náà hàn?

Oṣù Karùn-ún ọdún 1876 ni wọ́n ṣí ilé náà. Royal Sailors' Rest ni orúkọ tó padà ń jẹ́, ẹ jẹ́ kí a pè é ní Ilé Ìsinmi. Àwọn ọmọ ogun kò ráyè orúkọ gígùn. Aggie's ni wọ́n ń pè é, bí ẹni ń sọ pé ilé ìyá wa Àgínẹ́ẹ̀sì. Nínú rẹ̀, ibi ìjẹun wà, yàrá ìkàwé wà, ibi ìwẹ̀ wà, gbọ̀ngàn ìpàdé àti àdúrà wà, ẹni tó bá sì ń bẹ̀rù pé owó òun yóò sọnù lè fi í pa mọ́ sọ́dọ̀ wọn. Lókè ni àwọn yàrá kóńkóló wà, ẹnì kan sí yàrá kan, pẹ̀lú ilẹ̀kùn tó ṣeé tì. Fún ọkùnrin tó ti ń so ibùsùn kọ́ láàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn, ilẹ̀kùn tó ṣeé tì yẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí ìpàdé àdúrà a lọ, ẹni tí kò bá fẹ́ a jẹun, a sùn, kò sí ẹni tó máa fà á láṣọ. Àga àti fìtílà ìwé Cussons ti dé wàyí.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti owó, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣìnà. Wọ́n á rò pé aláàánú ni ẹgbẹ́ náà, nítorí náà ọ̀fẹ́ ni ibùsùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ogun ń sanwó ibùsùn, ó ń sanwó oúnjẹ, owó tó mọ níwọ̀n. Owó iṣẹ́ rẹ̀ náà kò pọ̀: láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1850 títí di 1912, ṣílè kan àti kọ́bọ̀ méje lóòjọ́ ni ọmọ ọkọ̀ tó ti mọṣẹ́ ń gbà. Ẹ̀yin àgbà tó ná ṣílè kí náírà tó dé ní 1973 mọ bí ìyẹn ti tó. Kí ló dé tí wọn kò fi í sùn lọ́fẹ̀ẹ́? Nítorí pé ẹni tó sanwó kì í ṣe alágbe. Ó lè kan tábìlì kó sì béèrè ọbẹ̀ tó gbóná. Owó tí ẹgbẹ́ náà ń rí wá pín sí ọ̀nà méjì. Èyí tó ń wọlé láti orí ibùsùn àti oúnjẹ ló ń gbọ́ bùkátà ilé lójoojúmọ́. Èyí tí àwọn ọlọ́rẹ ń fi ránṣẹ́ ni wọ́n ń fi ra ilẹ̀, tí wọ́n fi ń kọ́lé, tí wọ́n sì fi ń ṣe iṣẹ́ ìhìnrere. Sophia Wintz ló ń ṣe olóòtú ìwé ìròyìn oṣooṣù wọn, Ashore and Afloat, tí àwọn ọlọ́rẹ fi ń mọ ibi tí owó wọn ń lọ. Àpò méjì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pọ̀ mọ́ra lọ́kàn yín.

Ní 1881 wọ́n ṣí Ilé Ìsinmi mìíràn ní Portsmouth. Ní 1892 Ọbabìnrin Victoria fún wọn láṣẹ láti fi ọ̀rọ̀ Royal, ìyẹn ti ọba, kún orúkọ wọn, ó sì san owó yàrá kan ní Devonport. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn ọlọ́lá tó ti ń fojú di ilé náà wá ń du àyè láti fi orúkọ wọn sára yàrá. Báyìí ni ayé ṣe rí. Ẹ jẹ́ ká kọjá lọ.

Ẹ̀yin kan á ti máa bi ara yín pé ṣé Weston ni ẹni àkọ́kọ́ tó ronú ilé. Òun kọ́. Àwọn ṣọ́jà ti ní tiwọn ṣáájú. Ní 1863, Louisa Daniell, opó ọ̀gá ṣọ́jà kan, ṣí ilé ìpàdé àti ìsinmi ní Aldershot, ìlú tí bárékè pọ̀ sí jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Ireland, Elise Sandes bẹ̀rẹ̀ sí pe àwọn ṣọ́jà wá sílé ìyá rẹ̀ ní Tralee nígbà tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, ó sì ṣí ilé àkọ́kọ́ tirẹ̀ ní Cork ní 1877. Ẹ wò ó: obìnrin ni gbogbo wọn. Kò sí ṣọ́ọ̀ṣì Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ fi obìnrin joyè àlùfáà nígbà náà, kò sí obìnrin tó lè dìbò sí ilé aṣòfin. Ilẹ̀kùn ilé gbígbé nìkan ló wà níkàáwọ́ wọn, òun náà ni wọ́n sì ṣí. Bí èyí bá ti yé yín, ó ku apá kan tó wúwo.

Ikú ni. Iṣẹ́ ọkọ̀ ogun ń pa ènìyàn láìsí ogun. Ní oṣù Kẹta ọdún 1878, ìjì gbé ọkọ̀ Eurydice nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ilé. Ó lé ní 300 tó kú, ẹni méjì péré ló yè. Ní 1890, Serpent kọlu àpáta létí òkun Sípéènì. 173 kú, mẹ́ta yè. Èyí tó burú jù ni ti ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹfà ọdún 1893, nítòsí Tripoli ti Lẹ́bánónì. Ọkọ̀ ogun tò ní ọ̀wọ́ méjì. Ọ̀gá àgbà wọn, George Tryon, pàṣẹ kí ọ̀wọ́ méjèèjì yí kọjú sí ara wọn, àyè tó wà láàárín wọn kò sì tó. Ọkọ̀ Camperdown gún ọkọ̀ Victoria, Victoria rì, ènìyàn 358 bá a lọ, Tryon náà wà nínú wọn. Kò sí ọ̀tá kankan níbẹ̀, ọ̀sán gangan ni, òkun sì dákẹ́.

Ẹ wá padà sí èbúté. Ilé Ìsinmi wà lẹ́nu ọ̀nà ọgbà ọkọ̀, àwọn ìyàwó ọmọ ogun sì ti ń wá ṣe ìpàdé níbẹ̀ tipẹ́. Nígbà tí ìròyìn báyìí bá dé, àwọn òṣìṣẹ́ ilé náà ti mọ ilé ẹni tí ọkọ rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ náà, wọ́n mọ iye ọmọ tó ní. Ọ́fíìsì ìjọba ní láti kọ̀wé, kí wọ́n fèsì, kí wọ́n tún kọ̀wé. Weston ní láti rìn dé òpópónà kejì. Ó ń fi ìwé ìròyìn tọrọ owó lọ́wọ́ ará ìlú, ó sì ń pín in fún àwọn opó nígbà tí ekún ṣì wà lójú wọn. Ẹ ṣàkíyèsí bí ọ̀nà náà ti gùn tó: ìwé bí lẹ́tà, lẹ́tà bí ilé, ilé ló sì jẹ́ kí wọ́n mọ opó. Ẹni tí kò bá ní ilé níbẹ̀ kì bá tí mọ ẹni tí yóò fún. Ṣé okùn náà ṣì wà lọ́wọ́ yín?

Ìbéèrè ìkẹyìn tí mo retí lọ́dọ̀ yín ni pé, nígbà tí Weston kú ńkọ́? Irú ẹgbẹ́ báyìí kì í wà lórúkọ ẹnì kan. Àwọn alágbàtọ́jú ló máa ń di ilẹ̀ àti owó rẹ̀ mú: àwọn ènìyàn tí òfin fi ohun ìní lé lọ́wọ́ láti máa tọ́jú rẹ̀ fún iṣẹ́ kan pàtó. Wọn kò lè tà á jẹ, àwọn ọmọ wọn kò sì lè jogún rẹ̀. Agnes Weston gba oyè Dame ní 1918, ó sì kú ní Devonport ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó parí. Ayẹyẹ kíkún ti ọmọ ogun ojú omi ni wọ́n fi sin ín, ohun tí wọn kì í ṣe fún obìnrin. Wintz gba oyè kan náà ní 1920, ó kú ní 1929. Bọ́ǹbù Jámánì wó ilé Devonport palẹ̀ ní 1941. Ìjọba sì dá rọ́ọ̀mù ojoojúmọ́ dúró nígbẹ̀yìngbẹ́yín, ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Keje ọdún 1970. Ẹ ka iye ọdún tó wà láàárín rẹ̀ àti 1873 fúnra yín.

Ẹgbẹ́ náà ṣì wà. Ìjọba ti kọ́ bárékè sórí ilẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun ojú omi tipẹ́, nítorí náà kò fi bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó ń wá ibùsùn lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ Aggie's ló wá ń wọ ọgbà àwọn ọmọ ogun lọ bá wọn, láti fetí sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo. Wọ́n sì ń ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ìyàwó àti ọmọ ẹni tó wà lójú òkun, kí wọ́n wá mu tíì, kí àwọn ọmọdé sì rí ibi ṣeré.